Ilé ìyáwèé àwọn ọmọdé ní ọ̀nà Ìyìn, Adó-Èkìtì: ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ àti ohun tó ń bí mi nínú

Ó ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń bi mí nípa ibi tí mo máa ń kó àwọn ọmọ mi lọ lẹ́yìn skúùlù àti lọ́jọ́ Sátidé, pé ṣé lẹ́sìnnì ni àbí krẹ́ẹ̀ṣì ni àbí kí ni gan-an, ẹ jẹ́ n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbí kí ẹnu mi sinmi. Kì í ṣe lẹ́sìnnì o. Wọn ò ní bá ọmọ yín ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, wọn ò ní kọ́ ọ ní ìsodipúpọ̀, tó bá jẹ́ ìyẹn lẹ̀ ń wá ẹ má wulẹ̀ lọ, ẹ ó kàn lọ bínú lásán ni. Ilé ìyáwèé ni, ìwé ọmọdé nìkan ló wà ńbẹ̀, látorí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá títí dé ti àwọn tó wà ní JSS, ọmọ lè jókòó kà á níbẹ̀, ó sì lè yá a lọ sílé. Ẹni tí ò bá ráyè kà á dópin, ìdájọ́ mi nìyí: ó tó owó ẹ̀, ó tilẹ̀ ju owó ẹ̀ lọ, àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe, mi ò sì ní fi bò.

Mi ò dárúkọ wọn torí ìyá tó ni ibẹ̀ ló bẹ̀ mí. Ó ní àyè òun ò gbà ju nǹkan bí ogún ọmọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, pé tí èrò bá ya dé látorí fóònù, ibi tóun máa kó wọn sí lòun ò mọ̀. Ẹni tó bá ń gbé Adó tó sì máa ń gba ọ̀nà Ìyìn kọjá á mọ ibẹ̀ ṣá. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ búlúù ni, obìnrin kan ń dín pọfupọ́ọ̀fù nísàlẹ̀ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti ń gbóòórùn pọfupọ́ọ̀fù ẹ ti dé nìyẹn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá yìí, àwọn ọmọ ń pè é ní Màmá Oníwèé, èmi náà sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Owó ńkọ́? ₦5,000 lẹ ó fi forúkọ ọmọ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn, lẹ́yìn ẹ̀ ₦3,000 lóṣù. Tẹ́ ẹ bá mú ọmọ kejì wá láti ilé kan náà, ₦2,000 ni tiẹ̀. Ìwé méjì-méjì lọmọ lè gbé lọ sílé, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún un. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ₦100 lójúmọ́, ọwọ́ ọmọ fúnra ẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbà á, wọn ò kì í gbà á lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, kódà tẹ́ ẹ bá ń nawọ́ owó sí wọn wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé e fọ́mọ kó wá san án. Tí ìwé bá ya, wọn ò ní gbowó rárá, ọmọ tó ya á ló máa jókòó ti Màmá, wọ́n á jọ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ọmọkùnrin mi ti jókòó síbẹ̀ rí o. Látìgbà náà bó ṣe ń ṣí ìwé ti yàtọ̀, èmi tí mo ti ń pariwo "rọra, rọra" látọdún yìí wá, ariwo mi ò ṣe tó sẹ́lótéèpù yẹn.

Ẹ fi owó yẹn wé owó lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ tá à ń san l'Ádó yìí, tàbí kẹ́ ẹ ṣírò iye dátà tí kátúùnù YouTube ń jẹ lóṣù, ẹ ó rí i pé wọn ò wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá gòkè, ẹ ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́sìnnì omi àti ọṣẹ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ìwé láìfọwọ́, torí òróró pọfupọ́ọ̀fù ló fà á, Màmá ní ìwé kan wà tó jẹ́ pé ojú ewé ẹ̀ mẹ́rin ló mọ́lẹ̀ gbàù bí ojú fèrèsé nítorí òróró. Yàrá ńlá kan ni, kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, ẹní wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, àwọn pẹpẹ ìwé ò ga ju àyà ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé ìwé àwọn kékeré, iwájú ẹ̀ ni wọ́n kọ síta, kì í ṣe ẹ̀yìn, torí ọmọ tí ò tíì mọ̀wé kà, àwòrán ló máa fi yan tiẹ̀. Àga àgbàlagbà ò ju méjì lọ níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé owó àga ni ò sí. Irọ́ ni, ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni, kò fẹ́ káwọn òbí jókòó ti ọmọ. Ìyá tó bá ti ń sọ pé "mú ti ibí yìí, fi ìyẹn sílẹ̀, ìyẹn ti kéré jù fún ẹ", ẹ̀rín ni Màmá máa kọ́kọ́ rín, lẹ́yìn náà á ní "ìyá wa, ẹ lọ bá mi ra pọfupọ́ọ̀fù nísàlẹ̀". Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Òfin tó gbé ilé yẹn ró nìyẹn, ọmọ ló ń yan ìwé ẹ̀. Kì í ṣe èmi, kì í ṣe Màmá, kì í ṣe tíṣà skúùlù ẹ̀. Ìwé tó bá sì mú tí ò dùn, ó láṣẹ láti dá a padà láìkà á tán, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé tó fi ń ṣọ̀lẹ. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí. Ríjísítà ńlá kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọmọ á kọ orúkọ ara ẹ̀ síbẹ̀, á kọ orúkọ ìwé, á ya ojú kan, ojú tó ń rẹ́rìn-ín tàbí ojú tó faro, á wá kọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì sí i. Èyí tí ò tíì mọ̀ọ́kọ á sọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n á bá a kọ ọ́. Mo máa ń ka ríjísítà yẹn tí mo bá ń dúró dè wọ́n, ó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin mi ya ojú tó faro sí ìwé kan, ó kọ ọ́ síwájú ẹ̀ pé "ajá yẹn sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí". Ọmọ kan kọ ti ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀: "Rárá o, ó jí ní ojú ewé 9." Ọmọkùnrin mi tún padà lọ yá ìwé yẹn kó lè wo ojú ewé 9.

Ti àbúrò ẹ̀ obìnrin dà mí láàmú díẹ̀. Kò tíì pé ọdún márùn-ún, ìwé kan wà nípa adìyẹ tó ń wá ọmọ ẹ̀, ìyẹn nìkan ló ń yá. Á dá a padà lónìí, á tún yá a lọ́la. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn lórí, tó bá jẹ́ lójú oorun lẹ bi mí màá kà á fún yín. Mo lọ bá Màmá pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gba ìwé yìí lọ́wọ́ ẹ̀, owó tí mò ń san ò ṣe fún ìwé kan ṣoṣo. Ó ní kí n fi í sílẹ̀. Ó ní àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì Sussex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2011, àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n lò, wọ́n ń ka ìtàn kan náà fún àwọn kan ní àkàtúnkà, wọ́n ń ka oríṣiríṣi ìtàn fún àwọn yòókù, àwọn ọ̀rọ̀ tuntun kan náà ló wà nínú gbogbo ẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ ìtàn kan náà ni ọ̀rọ̀ tuntun yẹn dúró sí lórí jù. Ó dáa, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n adìyẹ yẹn ti sú mi o, kí n má parọ́.

Ẹ jẹ́ n wá sọ̀rọ̀ Sátidé, torí tó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ní, ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ mú ọmọ lọ. Aago mọ́kànlá ni wọ́n máa ń ka ìtàn pọ̀. Màmá á jókòó sórí àpótí, wọ́n á yí i ká, á gbé ìwé lé itan, àmọ́ kì í kà á bí tíṣà ṣe ń kà á. Tó bá kà á dé ibì kan á dákẹ́, á máa wo ojú wọn. Níṣojú mi ni wọ́n ka ti Ìjàpá àti Yánníbo, èyí tí Yánníbo ń wá oyún, tí Ìjàpá lọ bá babaláwo, tí babaláwo se ọbẹ̀ oògùn fún un pé kó gbé e fún ìyàwó ẹ̀ kó má sì tọ́ ọ wò, tí òórùn ọbẹ̀ wá fa Ìjàpá lọ́fun lójú ọ̀nà tó jẹ ẹ́ tán, tí ikùn ẹ̀ wá ń wú. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, gbogbo wa la mọ orin ẹ̀, a sì mọ ibi tí wọ́n máa ń parí ẹ̀ sí fún wa ní kékeré: wọ̀bìà ò dáa, ẹ gbọ́, ó yá ẹ lọ sùn. Màmá ò parí ẹ̀ síbẹ̀. Ó pa ìwé dé, ó ní, "Ta ló jẹ̀bi?"

Gbogbo wọn pariwo, "Ìjàpá!" Ó ní ó dáa, ta ni ò gbà? Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Òun náà ò sọ̀rọ̀. Èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu ti ń yún mi, mo fẹ́ kí ẹnì kan ṣáà ti sọ nǹkan, obìnrin yẹn kàn jókòó, ó ń wò wọ́n, bí ẹni tí ò níbi tó ń lọ. Ọmọbìnrin kan tó wọ jẹ́sì Super Eagles tó tóbi jù ú lọ wá nawọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Babaláwo."

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ló dé?"

Ọmọ yẹn ní, "Ṣebí ó mọ Ìjàpá. Ó mọ̀ pé ó máa ń jẹun kiri. Kí ló dé tó se oògùn kó dùn? Kò bá jẹ́ kó korò."

Ẹ wò ó, èmi tí mo ti dàgbà tó báyìí, mi ò ronú kan ìyẹn rí. Bó ṣe sọ ọ́ tán báyìí ni ilé dàrú. Ọmọkùnrin mi ní babaláwo ò jẹ̀bi, torí ó ti kìlọ̀ fún un. Ẹnì kan ní Yánníbo ńkọ́, ta ló ní kó má lọ gbà á fúnra ẹ̀. Òmíràn dìde dúró pé bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni. "Ìwé ò sọ pé ó rẹ̀ ẹ́!" "Ìwé ò sì sọ pé kò rẹ̀ ẹ́!" Nígbà tó débẹ̀ ni Màmá ṣí ìwé padà, ó ní kí wọ́n wá ibi tí wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń sọ, ẹni tó bá rí i kó kà á sókè, ẹni tí ò bá rí i kó sọ pé èrò òun ni. Orí kàn ń forí gbá orí lórí ìwé kan ṣoṣo. Wọn ò dá ẹjọ́ náà parí. Ẹnu ẹ̀ ni wọ́n wà títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wá kó ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ onípọfupọ́ọ̀fù, obìnrin yẹn gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ó ní ṣé ẹran wà nínú ọbẹ̀ náà ni.

Ohun tí Màmá ń ṣe yìí, àwọn tó mọ̀ nípa ọmọdé ti ṣèwádìí ẹ̀. Grover Whitehurst àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé tiwọn jáde lọ́dún 1988. Wọ́n kọ́ àwọn òbí kan tí ọmọ wọn jẹ́ nǹkan bí ọdún méjì pé tí wọ́n bá ń kàwé fún un kí wọ́n máa bi í ní ìbéèrè tí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" ò lè dáhùn, kí wọ́n jẹ́ kọ́mọ sọ tẹnu ẹ̀, kí wọ́n wá fi díẹ̀ kún ohun tó sọ. Àwọn òbí yòókù ń kàwé fún ọmọ tiwọn náà, àmọ́ bí wọ́n ṣe máa ń kà á tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kà á. Láàárín oṣù kan péré ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ti àkọ́kọ́ ti ju tàwọn yòókù lọ. Ẹ sì lè ṣe é nílé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ sanwó fún ẹnikẹ́ni, "kí lo rò pé ó máa ṣe báyìí?", "tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?", kẹ́ ẹ sì wá pa ẹnu mọ́. Pípa ẹnu mọ́ yẹn ló le jù fún àwa òbí. Àwọn ìyá wa ń ṣe apá kan nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kẹ̀, kí ni àlọ́ àpamọ̀ bí ò bá ṣe pé kí wọ́n bi ọmọ léèrè kí wọ́n sì dúró dè é? Àwa tó wá ní fóònù lọ́wọ́ la ò ráyè mọ́.

Ṣé ó ti yí àwọn ọmọ mi padà? Ẹni tó bá sọ fún yín pé oṣù díẹ̀ nílé ìyáwèé ti sọ ọmọ òun di akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ipò kìíní, ẹ béèrè pé kí ló ń tà. Ipò tí ọmọkùnrin mi ń mú ní skúùlù ṣì wà níbi tó wà. Ohun tó yí padà ni pé kò kì í dúró kí n sọ fún un pé kó mú ìwé mọ́, àti pé ìbéèrè ẹ̀ ti pọ̀. Ó pọ̀ débi pé ó ti ń fa wàhálà. A lọ kí àwọn òbí ọkọ mi ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, wọ́n gbé iyán kalẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti ẹran ìgbẹ́, ọmọ yìí wo àwo bàbá àgbà ẹ̀, ó wo tiẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹ ẹran tó tóbi jù, ṣebí ọmọ ló ṣì ń dàgbà?" Ìyá ọkọ mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní àbí ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé e lọ yẹn ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní àfojúdi. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọn ò fún un lẹ́ran o, ẹ má ṣìnà.

Ẹ̀rù yẹn ń ba ọ̀pọ̀ òbí, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rù lásán. A ò fẹ́ ọmọ tó máa ko àgbà lójú. Àmọ́ ẹ gbọ́ bí ọmọ yẹn ṣe béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀: ó dọ̀bálẹ̀ nígbà tá a dé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́" ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ní ìdí lẹ́nu. Màmá ò fàyè gba kí ọmọ kankan sọ pé "irọ́ ni" fún ẹlòmíì níbẹ̀, "mi ò rò bẹ́ẹ̀, torí pé" ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀, tó bá ti sọ "torí pé" tán tí ò rí nǹkan kan sọ, á jókòó. Ṣebí àwọn àgbà náà ló ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ pé kó máa gba gbogbo ohun tí àgbà bá sọ láìbi í, ohun tí àgbàlagbà burúkú kan bá sọ fún un lẹ́yìn ilé náà, á gbà á. Mo mọ èyí tí mo máa yàn nínú méjèèjì.

Ohun mìíràn tó jẹ́ kí n fẹ́ràn wọn ni pé wọn ò kì í jẹ́ kọ́mọ jókòó ti ìwé títí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ á fi kú. Tó bá di nǹkan bí aago márùn-ún wọ́n á lé gbogbo wọn sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn obìnrin á máa ṣe tẹ́ńtẹ́n, àwọn kan á máa fò kiri, ọpọ́n ayò méjì sì wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ọmọbìnrin mi kékeré ibẹ̀ ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka nǹkan, ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀, tí ọ̀kan bá sọnù á wá a kiri ilẹ̀ títí á fi rí i, torí wọn ò ní jẹ́ kó ta. Tẹlifíṣọ̀n ò sí níbẹ̀ rárá. Ti fóònù, Màmá kì í bú òbí, ìwé pélébé kan kàn wà lára ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2019 pé ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì kò yẹ kó máa jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù rárá, àti pé láti ọdún méjì sí mẹ́rin kò yẹ kó ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, tó bá tilẹ̀ dín sí i ó dáa jù. Mo kà á, mo ṣe bí ẹni tí ò kà á, ẹ̀yin náà ẹ ó ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ èyí tí ò dáa.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ìwé Yorùbá. Wọ́n ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì kún ilé, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni àwọn èyí tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun, àwọn ọmọ tó ń fi yìnyín mọ ère, tí wọ́n wọ kóòtù àti ìbọ̀wọ́, ọmọ mi bi mí pé kí ló dé tí wọn ò kì í fún àwọn ọmọ inú ìwé ní ẹ̀bà. Ìwé Yorùbá tó wà níbẹ̀ ò kún pẹpẹ kan, ìdajì nínú ẹ̀ ni wọn ò fi àmì ohùn sí dáadáa, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà á máa méfò: ṣé ọkọ́ ni àbí ọkọ̀ àbí ọkọ, àfi kó ka gbólóhùn náà tán kó tó tún padà sẹ́yìn. Èdè tó jẹ́ pé álífábẹ́ẹ̀tì 25 ni, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró sórí ohùn ẹ̀, tọ́mọ bá ti mọ̀ ọ́n tó sì mọ àmì, kò sí ohun tí ò lè kà, kò dà bí Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé lẹ́tà kan náà ń yí ohùn padà káàkiri. Ó yẹ kí tiwa ló kọ́kọ́ rọrùn jù fún wọn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, pé Gẹ̀ẹ́sì lọmọ máa fi ṣèdánwò. Lọ́dún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀, fọ́dún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì wá dúró lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀ wọ́n ṣe dáadáa. Ifẹ̀ ò jìnnà sí wa níbí, kì í ṣe ìtàn òkè òkun. Àwa ọmọ Èkìtì kéte tó jẹ́ pé ìwé la fi ń yangàn, tá a ní Christ's School tó wà lórí òkè Agidimo, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1933, tí wọ́n kọ ọ́ sára nọ́ńbà ọkọ̀ wa nígbà kan pé orísun ìmọ̀ ni wá, a ò lè fi ìwé ọmọdé Yorùbá kún pẹpẹ kan, ó ń tì mí lójú. Mo sọ fún Màmá. Ó ní òun ti lọ wá a kiri, òun dé Ìbàdàn, pé èyí tó dáa tó sì ní àwòrán aláràbarà ò pọ̀, èyí tó sì wà, ó wọ́n. Mo gbà, àmọ́ mi ò tíì dákẹ́ lórí ẹ̀. Lóṣù tó kọjá àwọn kan nínú àwa òbí bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìtàn tí àwọn ọmọ fẹnu ara wọn sọ, a kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ ya àwòrán sí i, wọ́n lọ ṣe fótókọ́pì ẹ̀ ní iwájú Pólì, wọ́n fi sítépù mú un pọ̀. Àwọn yẹn ni wọ́n ń jà lé lórí jù báyìí.

Àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá sókè, ìwé tiwọn ò pọ̀ níbẹ̀. Ọmọkùnrin tó bá ti kọjá Prámárì Fáìfù tó sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tàbí ẹ̀rọ, á ka gbogbo ohun tó wà fún un tán kíákíá. Ọmọbìnrin tó ń bá Màmá ṣiṣẹ́, fóònù ló ń tẹ̀. Ọmọ á dúró síwájú ẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kò ní gbójú sókè. Mo ti sọ ọ́ lójú ẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Iná náà, ẹ̀yin ẹ mọ bọ́rọ̀ iná ṣe rí l'Ádó, tí ò bá sí, ooru á mú, fèrèsé méjì péré ló wà, wọn ò kì í tan jẹnẹrétọ̀ torí ariwo, wọ́n ń sọ pé àwọn fẹ́ ra sólà, ẹnu ni mo ṣì ń gbọ́ ọ. Tóílẹ́ẹ̀tì mọ́, ìyẹn ni mo lè sọ nípa ẹ̀.

Èyí tí mi ò lè gbójú fò ni àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbẹ́ ìta ló wà, ó ga, kò sí irin ìdìmú ní ọwọ́ òsì rárá. Ilé tí ọmọ ọdún mẹ́ta ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀! Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, omi dúró lójú àtẹ̀gùn, ọmọ kan yọ̀, ọpẹ́lọpẹ́ ìyá ẹ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Màmá ní ẹni tó nilé ló yẹ kó ṣe é, ẹni tó nilé ní ayálégbé ló yẹ kó ṣe é. Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ jù. Owó irin yẹn ò tó ohun tá a máa ná ní ọsibítù tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mo sì ti sọ fún àwọn òbí tó kù pé tó bá gbà ká dá a jọ, ká dá a jọ.

Ẹni tó ń wá ibi tó máa kó ọmọ sí kó lè ráyè ta ọjà dalẹ́, ibẹ̀ kọ́, aago mẹ́fà ni wọ́n ń tì, wọ́n ń bínú tẹ́ ẹ bá pẹ́. Ẹni tó ń fẹ́ kí ọmọ ẹ̀ lè ka àádọ́ta ọ̀rọ̀ láti orí kó wá fi ṣàfihàn fún àlejò, ibẹ̀ kọ́. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ kórìíra ìwé, mo rò pé kó gbìyànjú ẹ̀, torí mo ti rí ọmọkùnrin kan tó jẹ́ pé ayò nìkan ló ń wá ta níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kò fọwọ́ kan ìwé, kò sẹ́ni tó dà á láàmú, ó wá lọ mú ìwé kan nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́ afárá lọ́jọ́ kan nítorí pé òjò lé wọn wọlé.

Ọjọ́ Mọ́ńdè wọn kì í ṣí. Túsìdeè sí Fráìdè, aago méjì ọ̀sán sí mẹ́fà, Sátidé láti mẹ́wàá sí mẹ́rin, àyàfi Sátidé tí ìmọ́tótó bá bọ́ sí, wọ́n á pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ nígbà ọlidé, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀, ó máa ń kún. Ẹ gbé omi dání fọ́mọ, ẹ di ọwọ́ ẹ̀ mú lórí àtẹ̀gùn yẹn, ọjọ́ tí wọ́n bá fi irin sí i màá wá kọ ọ́ síbí.